Ọjọ́ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé: Títún Ìdójútòfò Ilẹ̀ Àdásí Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olórí ẹbí, àwọn akọ̀wé ẹbí àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú igbó àti ojúbọ sọ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí, ire ni ẹ ó bá nílé. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹbí, mo rí fáìlì tí ẹ gbé lé itan. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ dúró lẹ́yìn torí pé àga ò kárí, ẹ ṣé; ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti gbàgbé ọdún Ọlọ́jọ́ rí nínú wa? Ta ló ti gbàgbé Ẹdì? Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọdún tí wọn kì í bọ òrìṣà kankan nílẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ rò ó wò. Òkànlénírínwó irúnmọlẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ọjọ́ ìkankan fò. Kò sí kàlẹ́ńdà, kò sí fóònù, orí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ wọn. Báwo wá ni àwa ọmọ wọn ṣe ń gbàgbé ọjọ́ kan péré tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé ìdójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ínṣọ́ráǹsì?

Ọjọ́ yẹn ni mo bá wá. Ilẹ̀ àdásí ni mo ń pe ilẹ̀ tí a lè tà, tí a lè kọ́lé sí, ṣùgbọ́n tí ẹbí tàbí àdúgbò mọ̀ọ́mọ̀ dá sí: igbó, odò, ojúbọ, ibi tí ẹsẹ̀ àwọn baba wa kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ti ń ṣiṣẹ́ alágbàtà ìdójútòfò fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé gbogbo ẹbí ló ni ilẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo sì ni ìwé tó ń dáàbò bò ó máa ń wà. Bí ẹni yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Fóònù tí a fi aṣọ funfun wé

Ẹbí ìyá mi ní igbó kan. Kò tóbi. Ẹni tó bá mọ ìrìn á yí i po láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìrókò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú odò kékeré kan tí kì í gbẹ, ojúbọ kan, àti ilé oníyàrá méjì tí a kọ́ fún olùṣọ́. Yàrá kan ni olùṣọ́ ń sùn sí. Èkejì ni a kó ìkòkò àtijọ́, àga olórí ẹbí àti fọ́tò àwọn tó ti lọ sí. A gba ìdójútòfò iná fún ilé náà, a sì gba ti àlejò tó bá fara pa nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló fọwọ́ sí i. Orúkọ wọn ni wọ́n kọ sí i, nọ́ńbà fóònù wọn náà ni.

Bàbá Àgbà papò dà ní oṣù kọkànlá. Ìwé náà sì máa parí ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá. Ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ṣe ojúṣe wọn o: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ti pa fóònù Bàbá Àgbà. Ìyàwó wọn ti fi aṣọ funfun wé e, pẹ̀lú awò ojú wọn àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn, ó sì ti tì í mọ́nú àpótí. Inú àpótí yẹn ni ìkìlọ̀ mẹ́ta wà tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́, aládùúgbò kan dáná sun oko rẹ̀. Atẹ́gùn gbé e. Nígbà tí mo máa débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, páànù òrùlé ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Àwọn ìkòkò náà kò jó, amọ̀ kì í jó. Òrùlé ló wó lù wọ́n. Olùṣọ́ wa jókòó sórí òkúta, ó ń fi ọwọ́ kó eérú kúrò lára àga olórí ẹbí tó ti jó ku ẹsẹ̀ méjì. Kò gbójú sókè nígbà tí mo kí i.

Mo lọ sí ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà kò ṣàìdáa sí mi. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, ó sì fi ìka rẹ̀ tẹ ọjọ́ ìsàlẹ̀ yẹn, kò gbé e kúrò títí mo fi kà á tán. Ọjọ́ 26 péré ló wà láàárín. Èmi tí mo ń rán oníbàárà létí láti àárọ̀ di alẹ́, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹbí ìyá mi rí pé, "Ọjọ́ wo ni tiwa parí?" Mo gbà pé Bàbá Àgbà ló ń ṣe é. Gbogbo wa gbà pé Bàbá Àgbà ló ń ṣe é. Kò sì sí ohun tí Bàbá Àgbà kò ṣe rí nígbà tí wọ́n wà láyé.

Ohun tí títún un ṣe jẹ́ gan-an

Ọ̀pọ̀ wa rò pé kí á tún ìdójútòfò ṣe kò ju kí á san iye owó èṣí lọ, kí á gba rìsíìtì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àdéhùn tuntun ni. Ti èṣí ti kú.

Òfin ìdójútòfò ilẹ̀ wa sọ ọ́ ní gbangba pé owó ní láti wọlé kí ìdójútòfò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, ti fi ọwọ́ líle mú un. Ayé tí alágbàtà lè sọ pé, "Ẹ máa lọ, ẹ mú owó náà wá níparí oṣù," ti kọjá. Bí ẹ bá ṣèlérí, tí ẹ pè, tí ẹ bẹ̀bẹ̀, tí owó kò tíì wọlé, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Lẹ́yìn owó, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ló kàn. Ní ìgbàkúgbà tí ẹ bá ń tún ìwé ṣe, ó di dandan kí ẹ sọ ohun tó ti yí padà. Ṣé ẹ ti ń gba owó lọ́wọ́ àlejò báyìí? Ẹ sọ. Ṣé wọ́n ti la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ igbó? Ẹ sọ. Ṣé lẹ́tà lọ́yà ti wọlé látọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun ra apá kan níbẹ̀? Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ lọ́jọ́ ìsanwó ni wọn yóò fi tì yín sẹ́yìn lọ́jọ́ òfò.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló ń dun àwọn ènìyàn jù lẹ́yìn iná. Ká ní ní ọdún 2018, ilé tó wà lórí ilẹ̀ yín, ₦3,000,000 ló máa ná yín láti tún un kọ́. Iye yẹn ni ẹ fi gba ìdójútòfò, iye yẹn ni ẹ sì ń tún ṣe lọ́dọọdún, torí pé ó rọrùn. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì lónìí. Ẹ wo páànù. Ká ní ilé kan náà ti di ₦12,000,000. Iná wá ba ohun tó tó ₦4,000,000 jẹ́. Ẹ̀yin á rò pé, "Ìwé wa jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, wọ́n á fún wa ní mílíọ̀nù mẹ́ta." Rárá o. Wọ́n á ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye ilé yín ni ẹ san owó lé lórí, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin òfò náà ni wọ́n máa san. Mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó kù, ẹbí ni yóò lọ wá a.

Ìrẹ́jẹ kọ́ nìyẹn. Inú ìwé ló wà, lójú ewé tí a kì í ṣí. Ẹ pe bíríkìlà àti káfíńtà, kì í ṣe lọ́dọọdún tí kò bá sí agbára, ṣùgbọ́n ó kéré tán lọ́dún méjì méjì, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n máa fi tún ilé náà kọ́ lọ́jọ́ òní. Iye yẹn ni kí ẹ gbé lọ.

Ìbéèrè Màmá

Níbí yìí ni Màmá kan ní iwájú na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, òrìṣà tó ni igbó ńkọ́? Ṣé kò lè ṣọ́ ilé ara rẹ̀ ni?"

Ẹ ṣeun, Màmá. Ìbéèrè àgbà ni, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ jẹ́ kí n fi Igbó Olókun dáhùn, nítorí gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, wọ Ifẹ̀, tó dé Igbó Olókun, tó sì kó nínú ohun amọ̀ àwọn baba wa lọ. Ní bíi ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, láàárín 2010 sí 2012, Abidemi Babatunde Babalola, onímọ̀ ìwalẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ẹ gbọ́ o: àwọn ènìyàn wa ló ń fúnra wọn ṣe dígí, láti bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá wá. Gbogbo ayé ló gbọ́ ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, ilé ti jẹ púpọ̀ nínú igbó náà. Ìpìlẹ̀ ilé mélòó ni wọ́n ti gbẹ́ gba orí ìlẹ̀kẹ̀ kọjá? Olókun ò kọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, Màmá. Àwa tí ó fi ṣọ́ ọ la ò ṣọ́ ọ dáadáa.

Ẹ wá wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Àwọn olórìṣà ò dáwọ́ ètùtù dúró, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, sì bá wọn dúró ti igbó náà nígbà tí wọ́n ń gé igi rẹ̀, tí wọ́n ń dunadúrà ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá ìwé. Ọdún 1965 ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, 2005 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Hẹ́kítà 75 ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀ṣun ń ṣọ́ ọ, ìwé náà ń ṣọ́ ọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, Màmá.

Ta ni yóò sanwó lọ́yà?

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: iná kọ́ ló ń pa ilẹ̀ àdásí jù. Ẹjọ́ ni. Ohun tí a sábà ń rí rà lọ́wọ́ àwọn adójútòfò wa ni ti iná, ti olè, ti àlejò tó fara pa. Ilẹ̀ alára kò sí nínú rẹ̀. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbogbò lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ohun tí ẹ kọ́ tàbí tí ẹ gbìn sórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń sanwó fún. Igbó tí ẹ ò fọwọ́ kàn látayébáyé, ẹ mọ iye tí wọ́n máa kà á sí. Kò sí adójútòfò tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ti ẹni tó bá dìde láàárín ẹbí, tó lọ ta igun kan fún àjèjì lóru, ìyẹn ní àtúnṣe. Lójú òfin wa, òtúbáńtẹ́ ni ilẹ̀ ẹbí tí mọ́ńbà kan tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀. Bí olórí ẹbí ló dá a tà láìbá àwọn àgbààgbà ẹbí sọ̀rọ̀, ilé ẹjọ́ lè yí i padà bí ẹ bá tètè dìde. Òfin wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó lọ́yà? Ta ni yóò sanwó sọ̀fíyọ̀ tó máa wá jẹ́rìí? Ẹni tó ra ilẹ̀ ti kó bùlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ẹ̀yin ṣì ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún jọ lórí WhatsApp. Mo mọ ẹbí tí wọ́n jàre lórí ìwé, tí wọ́n jẹ̀bi nínú àpò.

Àwọn ará Amẹ́ríkà dé ibi tí a dé yìí ṣáájú wa. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú ilẹ̀ wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n dá ilẹ̀ sí. Ti Massachusetts ti wà láti 1891. Nígbà mìíràn ẹgbẹ́ á ra ilẹ̀ náà. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n á tọwọ́ bọ̀wé pé òun àti ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn òun kò ní kọ́ ilé síbẹ̀ láéláé. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ á rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ náà, á ya fọ́tò, á kọ ohun tó rí.

Nígbà tó yá, àwọn tó jogún ilẹ̀ àti àwọn tó ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lẹ́jọ́, aládùúgbò ń gé igi wọn. Ẹjọ́ kan péré lè gbé gbogbo owó ẹgbẹ́ kékeré kan mì. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá àjọ. Àjọ tí a mọ̀ níbí yìí gan-an ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é. Ní 2013, àwọn ẹgbẹ́ tó lé ní 400 para pọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìdójútòfò tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Terrafirma, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Àwọn fúnra wọn ni oníbàárà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ni ín. Kì í san owó ilẹ̀. Owó ẹjọ́ ló ń san, tó lè dé $500,000 lórí ọ̀ràn kan, kí ẹgbẹ́ lè dúró níwájú adájọ́ láìta nǹkan.

Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Oṣù kẹta ni ọdún ìdójútòfò wọn ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń kó ìwé jọ: ilẹ̀ tuntun wo ló wọlé láàárín ọdún? Èwo ni ẹni tó ni ín ti yí padà? Ìjà wo ló ń rú sókè? Ìròyìn ìbẹ̀wò ọdọọdún yẹn ni wọ́n fi ń dáhùn. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣa ilẹ̀ tí ìjà ti ń bọ̀ lórí rẹ̀ nìkan wá, torí bí gbogbo ènìyàn bá ń gbé kìkì ilẹ̀ oníjà wá, àjọ náà á tú láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá ti kó èsúsú rí mọ ohun tí mò ń sọ: alájọ kì í gba ẹni tó fẹ́ kó lónìí tí kò fẹ́ dá lọ́la.

Ìyẹn kò kọjá agbára wa. Ẹbí mẹ́wàá nínú ilé yìí lè ní àkáǹtì kan, oníbuwọ́lù mẹ́ta láti ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àdéhùn tí lọ́yà kọ, iye kan lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn àyàfi ẹjọ́ ilẹ̀ àdásí. Ilé iṣẹ́ ìdójútòfò kọ́ nìyẹn, òfin ò sì gbà wá láyè láti pè é bẹ́ẹ̀. Owó àjọ ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa báyìí

Lẹ́yìn iná yẹn, ẹbí ìyá mi jókòó. A bínú, a sunkún, àwọn kan dá mi lẹ́bi, n kò sì bá wọn jiyàn. Orúkọ olórí ẹbí la kọ́kọ́ mú kúrò lórí ìwé. Kì í ṣe pé a tàbùkù olórí ẹbí, ṣùgbọ́n ènìyàn ń kú, ìwé ò gbọdọ̀ kú tẹ̀lé e. A forúkọ àwọn alámòójútó ẹbí sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, orúkọ ẹgbẹ́ náà ló wà lórí ìdójútòfò báyìí. Bí ẹnì kan bá lọ, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, orúkọ náà ò ní yí padà.

Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀yin ni mo bá wá.

Oṣù kan kí ìwé tó parí, a máa ń rìn yí igbó náà po. Gbogbo wa, tọmọdé tàgbà. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń ya fọ́tò. Lọ́dún tó kọjá, òun ló rí i pé wọ́n ti fa òkúta ààlà kan sínú bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ewé bò ó. Àgbà márùn-ún ti gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé ibẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, a mú un lọ bá aládùúgbò náà pẹ̀lú fọ́tò èṣí, òkúta sì padà sí àyè rẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Lẹ́yìn ìrìn yẹn ni akọ̀wé á lọ sanwó, tí rìsíìtì á wọ orí WhatsApp ẹbí lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá wọlé, ìyá mi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde. Mo sọ fún yín kí ẹ mú ìwé yín wá, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú yín mú un wá. Ẹ yọ ọ́ nínú fáìlì. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ méjì sí. Èkejì ni ká kà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tiyín ńkọ́?